Mẹ́nù wa ti kún fún pàǹtí kóòdù àtijọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a?

Àbẹ̀ní_Mókọ́lá, Ọjọ́ Ajé, 8:40 àárọ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ń tọ́jú sọ́fítíwià kan fún ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan níbí n'Ìbàdàn, ibẹ̀ làwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti máa ń wo iye tí wọ́n ti dá, iye tí wọ́n yá àti èyí tó kù kí wọ́n san, fóònù sì ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń wò ó. Ọdún 2015 ni wọ́n kọ ọ́, Bootstrap 3 (àkójọ kóòdù tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ kéèyàn lè fi tètè kọ́ ojú ìwé) ló wà lóde nígbà yẹn. Ó ti gba ọwọ́ èèyàn mẹ́rin kọjá kó tó kàn mí. Ẹnì kan gbé e lọ sí Bootstrap 4, ẹlòmíì tún gbé e lọ sí 5, àmọ́ kò sí èyí tó kó ẹrù ẹni tó ṣáájú ẹ̀ jáde, ńṣe ni wọ́n ń to tiwọn lé e lórí.

Nǹkan mẹ́fà péré ló wà lórí mẹ́nù náà: Ilé, Owó Ìfipamọ́, Owó Yíyá, Ọjà Ẹgbẹ́, Ìpàdé, Jáde. Síbẹ̀ HTML ẹ̀, ìyẹn kóòdù tó to ohun tó wà lójú ìwé, lé ní igba ìlà. Lókè mẹ́nù lórí fóònù, àlàfo funfun kan wà níbẹ̀ tí mi ò mọ ibi tó ti wá. Ẹ̀gbẹ́ Owó Yíyá ní ọfà méjì dípò ẹyọ kan, tẹ́ ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́ á ṣí fìrí á tún padé, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń pè mí pé àwọn ò ríbi tọrọ owó mọ́. Èyí tó dùn mí jù, lẹ́tà ńlá ni gbogbo ọ̀rọ̀ ń jáde, kò sí àmì orí, kò sí ti ìsàlẹ̀, Ọjà Ẹgbẹ́ ti di OJA EGBE.

Fáìlì custom.css, ibi tí òfin CSS tó ń sọ bí ojú ìwé ṣe máa rí wà, ní ìlà tó ju 1,900 lọ, mo ka !important (àmì tó ń mú kí òfin kan borí àwọn tó kù) inú ẹ̀, ó jẹ́ 143. Lánàá mo ní kí n yọ ẹyọ òfin kan péré tí mo rò pé kò wúlò, bọ́tìnnì Jáde kúrò lápá ọ̀tún ó lọ jókòó sábẹ́ lógò. Mo dá a padà kíá. Báyìí ẹ̀rù ń bà mí láti fọwọ́ kan nǹkan kan. Ṣé kí n pa gbogbo ẹ̀ rẹ́ ni àbí kí n máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀?


ỌmọAlágbẹ̀dẹ, Ọjọ́ Ajé, 8:57 àárọ̀

Pa á rẹ́ jàre. Nǹkan mẹ́fà lo fẹ́ kó jókòó lórí ìlà kan, kí ló ń jẹ́ igba ìlà? Lọ síbi ìwé Bootstrap 5, mú àpẹẹrẹ navbar (mẹ́nù orí ojú ìwé) tó wà níbẹ̀, kọ orúkọ tìẹ sí i, ṣí fáìlì CSS tuntun, kó o da custom.css nù. Kò ní gbà ẹ́ ní wákàtí méjì. Ògiri tó bá ti lanu tó báyìí, wíwó ló yẹ kéèyàn wó o, èèyàn kì í rẹ́ ẹ.


BàbáKóòdù, Ọjọ́ Ajé, 9:31 àárọ̀

Àbúrò mi, rọra. Òótọ́ wà nínú ohun tí ỌmọAlágbẹ̀dẹ sọ, àmọ́ jẹ́ n sọ ohun tójú mi ti rí fún ẹ. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn mo pa mẹ́nù rẹ́ báyìí fún ilé ìwòsàn kan, mo kọ tuntun tó mọ́ tónítóní. Mi ò mọ̀ pé span kan (àmì HTML kékeré) wà nínú ti àtijọ́ yẹn tó dà bí ẹni pé ó ṣófo, àmọ́ id ẹ̀ (orúkọ tí wọ́n fún un) ni JavaScript kan (kóòdù tó ń mú ojú ìwé ṣiṣẹ́) máa ń wá kó tó kọ iye èsì àyẹ̀wò tó ti jáde síbẹ̀. Mo yọ span náà, nọ́ńbà ò yọjú mọ́, kò sì sí àṣìṣe kankan tó hàn lójú, àwọn nọ́ọ̀sì rò pé èsì ni ò tíì dé. Ọjọ́ kejì la tó mọ̀. Àtìgbà yẹn mi ò kì í pe nǹkan ní pàǹtí títí màá fi mọ ìdí tẹ́ni tó gbé e síbẹ̀ fi gbé e síbẹ̀.

Kọ́kọ́ ya ẹ̀ka tuntun nínú git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú gbogbo àyípadà kóòdù. Kó o wá ya àwòrán mẹ́nù bó ṣe wà yìí ní fífẹ̀ 360, 768, 1024 àti 1400 píksẹ́lì, ìgbà tó padé àtìgbà tó ṣí, òun ni wàá máa fi wé ohun tó o bá ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, mú class (orúkọ tí CSS fi ń mọ nǹkan) àti id inú mẹ́nù lọ́kọ̀ọ̀kan, fi git grep, àṣẹ tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú fáìlì, wá wọn nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Èyí tí kò bá sí níbòmíì àfi inú HTML yẹn, òkú ni, yọ ọ́. Èyí tó bá jáde nínú JavaScript, má fọwọ́ kàn án títí wàá fi ka ohun tó ń ṣe.

HTML ni kó o kọ́kọ́ gbá o, kó o tó kan CSS. Tí class òkú bá ti kúrò lójú HTML, òfin CSS tó ń dúró dè é náà á di òkú, wàá sì rí i kedere. Tó bá jẹ́ CSS lo kọ́kọ́ kọlù, wàá máa méfò ni, irú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí bọ́tìnnì Jáde yẹn. navbar-default, navbar-header, navbar-toggle, icon-bar, navbar-right, hidden-xs, visible-xs, gbogbo glyphicon, wọ́n ti kú látìgbà tí Bootstrap 4 ti jáde ní oṣù Kìíní 2018. Nígbà tí 5 dé ní oṣù Karùn-ún 2021, data-toggle di data-bs-toggle, ml-auto di ms-auto.

Àlàfo funfun yẹn, wo ibi tí wọ́n ti kọ nǹkan fún body nínú custom.css, ó ṣeé ṣe kó o bá padding-top: 70px níbẹ̀. Láyé Bootstrap 3, navbar-fixed-top ló máa ń so mẹ́nù mọ́ òkè, ìwé wọn fúnra ẹ̀ ló ní ká fi padding sí body kí mẹ́nù má baà bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Orúkọ class yẹn báyìí ni fixed-top. Mẹ́nù tìẹ ò so mọ́ òkè mọ́, padding yẹn wá ń fàyè sílẹ̀ de àlejò tí ò wá mọ́.


Ìdòwú_Frontend, Ọjọ́ Ajé, 9:58 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n BàbáKóòdù, ẹ ṣeun, àmọ́ ẹ jẹ́ n tún ibì kan ṣe nínú ọ̀rọ̀ yín kó má baà ṣi Àbẹ̀ní lọ́nà. Fáìlì tí git ń tọ́jú nìkan ni git grep ń wò. Tó bá jẹ́ CDN (sẹ́fà ẹlòmíì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) ni Bootstrap wọn ti ń wá, àbí inú node_modules (fódà àwọn kóòdù tí wọ́n gbà wá) tí git kì í tọ́jú, nav-link àti dropdown-item á dà bí òkú lójú git grep, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ló gbé mẹ́nù náà ró. Àbẹ̀ní, gba fáìlì bootstrap.css wá sórí kọ̀ǹpútà ẹ, kó o wá class náà nínú ìyẹn náà.

Ọ̀rọ̀ ọfà méjì. Bootstrap 3 ló ní caret, ìyẹn ọfà kékeré, ọwọ́ lèèyàn fi máa ń kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀. Látorí 4, dropdown-toggle fúnra ẹ̀ ló ń ya ọfà nípasẹ̀ ::after, ohun tí CSS fi ń kún ẹ̀yìn nǹkan. Ibi tó wá yà mí lẹ́nu ni pé wọ́n ti yọ òfin caret kúrò nínú Bootstrap, kò yẹ kí caret àtijọ́ lè ya nǹkan kan mọ́. Ẹnì kan ti kọ .caret tiẹ̀ sínú custom.css nìyẹn, bóyá nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí 4 tó rí i pé ọfà sọnù. Wá a níbẹ̀. Yọ òfin náà, yọ span náà, má yọ ọ̀kan ku ọ̀kan.

Èyí tó ń ṣí tó tún ń padé, mo lè búra pé ọwọ́ méjì ló ń tẹ bọ́tìnnì kan. data-bs-toggle ń ṣí i, kóòdù jQuery (àkójọ JavaScript kan) àtijọ́ kan nínú fáìlì míì sì ń fi toggleClass pa á dé lẹ́sẹ̀ kan náà. Bootstrap 5 ò nílò jQuery mọ́, àmọ́ ìyẹn ò ní kí jQuery tẹ́nì kan gbé síbẹ̀ má ṣiṣẹ́. Wá ibi tí wọ́n ti kọ dropdown nínú gbogbo fáìlì js.


Táyélolú77, Ọjọ́ Ajé, 10:20 àárọ̀

Kí lẹ ń fọwọ́ ṣà á fún? Irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ PurgeCSS wà. Ẹ fi àwọn ojú ìwé yín hàn án, ẹ fi CSS hàn án, á yọ gbogbo èyí tẹ́ ò lò. Mo lò ó fún iṣẹ́ kan lọ́dún tó kọjá, fáìlì tó tóbi gan-an wá kéré débi tí mo rò pé nǹkan ti bàjẹ́. Tẹ́ ò bá fẹ́ ìyẹn, ẹ ṣí Coverage nínú DevTools (irinṣẹ́ àwọn olùkọ kóòdù) ti Chrome, Ctrl+Shift+P, ẹ kọ coverage, á fi àwọ̀ hàn yín lórí ìlà kọ̀ọ̀kan èyí tó ṣiṣẹ́ àti èyí tí ò ṣiṣẹ́.


Ìdòwú_Frontend, Ọjọ́ Ajé, 10:41 àárọ̀

@Táyélolú77 irinṣẹ́ gidi ni méjèèjì, àmọ́ ẹ kìlọ̀ fún Àbẹ̀ní. PurgeCSS kì í ṣí mẹ́nù, kì í tẹ nǹkan kan, ọ̀rọ̀ tó wà nínú fáìlì tẹ́ ẹ bá fi hàn án ló ń kà. collapsing àti show, JavaScript Bootstrap ló ń fi wọ́n sára mẹ́nù nígbà téèyàn bá tẹ̀ ẹ́. Tẹ́ ò bá fi bootstrap.js náà hàn án, á yọ òfin collapsing, mẹ́nù á wá máa já lulẹ̀ gbì dípò kó rọra ṣí. Èyí tó tún burú jù ni class tí wọ́n so pọ̀ nínú PHP, kóòdù orí sẹ́fà, bíi 'menu-' tí wọ́n lẹ ipò ẹni tó wọlé mọ́. Kò sí ibi tí menu-akapo wà ní odindi nínú kóòdù, PurgeCSS á yọ ọ́, ẹni tó bá sì fi orúkọ akápò wọlé nìkan ló máa rí i pé mẹ́nù òun ti dàrú. Safelist, àkójọ ohun tí PurgeCSS ò gbọ́dọ̀ yọ, ni kẹ́ ẹ kọ irú wọn sí.

Coverage náà, ohun tó ṣẹlẹ̀ látìgbà tẹ́ ẹ ti tẹ̀ ẹ́ nìkan ló mọ̀. Ẹ ṣí gbogbo mẹ́nù, ẹ fún ojú ìwé náà pọ̀ dé ti fóònù, ẹ tún fẹ̀ ẹ́, ẹ gbé máúsì kọjá lórí gbogbo ẹ̀, ẹ lo Tab. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo òfin tó wà fún fóònù ló máa jáde bí òkú.


Àbẹ̀ní_Mókọ́lá, Ọjọ́ Ajé, 4:15 ìrọ̀lẹ́

Ẹ káre o, Ọlọ́run á bù sí i fún yín. Mo ṣe é bí BàbáKóòdù ṣe là á sílẹ̀. padding-top: 70px wà níbẹ̀ lóòótọ́, mo yọ ọ́, àlàfo lọ. Òfin .caret wà ní ìlà 612, ọ̀rọ̀ kan wà lórí ẹ̀ pé "fún ìgbà díẹ̀ ni o". Ọ̀gbẹ́ni Ìdòwú, jQuery yẹn náà wà, inú fáìlì kan tó ń jẹ́ main-old.js ló sá sí, mo yọ apá yẹn, Owó Yíyá ti ń ṣí ó sì ń dúró. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Bọ́tìnnì Jáde náà, òfin tí mo yọ lánàá ni ẹnì kan fi jí navbar-right dìde, margin-left: auto !important ló kọ sínú ẹ̀. Mo fi ms-auto sínú HTML, mo wá yọ òfin yẹn, kò kúrò lójú kan.

Ohun méjì ló kù tó ń dà mí láàmú. !important 143 yẹn ṣì wà, mi ò mọ bí mo ṣe máa kojú wọn, torí tí mo bá kọ òfin tuntun wọ́n á borí ẹ̀. Èkejì, mo bá li mẹ́ta (nǹkan kọ̀ọ̀kan inú àkójọ HTML) tí wọ́n fi display:none, òfin tó ń mú nǹkan kúrò lójú, sí nínú mẹ́nù náà. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ líǹkì síbi tí wọ́n ti ń fagi lé àkọsílẹ̀ owó. Mo fi orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ lásán wọlé, mo tẹ àdírẹ́sì náà sókè, ó sì ṣí.


ỌmọAlágbẹ̀dẹ, Ọjọ́ Ajé, 4:22 ìrọ̀lẹ́

Àbẹ̀ní, fi CSS sílẹ̀ ná! Líǹkì yẹn ni kó o lọ tì báyìí báyìí. display:none ò fi nǹkan kan pa mọ́, ẹni tó bá wo orísun ojú ìwé á rí àdírẹ́sì náà. Pé o yọ li náà kúrò nínú mẹ́nù ò sì tó, torí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n ṣì lè tẹ̀ ẹ́. Lórí sẹ́fà ni kó ti máa béèrè ipò ẹni tó wọlé kó tó ṣí ilẹ̀kùn. Tó o bá ṣe ìyẹn tán, wo lọ́ọ̀gì bóyá ẹnì kan ti débẹ̀ rí, kó o sọ fún akápò ẹgbẹ́ lónìí. Owó àwọn èèyàn ni.


Àbẹ̀ní_Mókọ́lá, Ọjọ́ Ajé, 6:50 ìrọ̀lẹ́

Mo ti tì í, mo ti bá akápò àti alága sọ̀rọ̀, a jọ wo lọ́ọ̀gì tó wà lọ́wọ́ wa, kò sí ẹni tó débẹ̀. Ẹ ṣeun gan-an ni.


Àjàlá_Leeds, Ọjọ́ Ajé, 9:05 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ láti Leeds níbí. Ọ̀rọ̀ !important yẹn rọrùn. CSS ti ní @layer báyìí, ìyẹn ọ̀nà láti to òfin ní ipele, ó wọ Chrome, Firefox àti Safari ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022. Fi @layer atijo yí gbogbo custom.css ká, kó o kọ tuntun ẹ síta, láìsí layer. Òfin tó wà níta layer máa ń borí èyí tó wà nínú layer, kò kan bí selector (apá òfin tó ń sọ ohun tí òfin náà mú) ti àtijọ́ ṣe gùn tó. Wàá lè máa kọ tuntun ní ìrọ̀rùn, kó o máa fa ti àtijọ́ yọ nígbà tó bá wù ẹ́.


BàbáKóòdù, Ọjọ́ Ajé, 9:44 alẹ́

Àjàlá, òótọ́ lo sọ fún òfin lásán, àmọ́ ti !important, ìdàkejì ló jẹ́. Tí !important bá wà nínú layer, òun ló máa ń borí !important tó wà níta. Ká ní Àbẹ̀ní kó 143 yẹn sínú layer, agbára ló fi kún wọn yẹn, kódà !important tuntun tó bá kọ síta ò ní lè mú wọn. Àfi kó kọ́kọ́ yọ !important kúrò nínú wọn.

Ohun kejì, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ẹ ń lo fóònù Android tó ti pẹ́, àbí irọ́ ni mo pa? Bráúsà tó bá ṣáájú 2022 ò mọ ohun tó ń jẹ́ @layer, gbogbo ohun tó wà láàárín àmì ẹ̀ ló máa fò. Mẹ́nù wọn á wá ṣí ní ìhòòhò. Mi ò ní dábàá ẹ̀ fún irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀.

Bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyí. Fi selector kó 143 náà jọ. Ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ pé !important ń bá !important jà lórí nǹkan kan náà, ẹni kejì kọ ọ́ láti borí ẹni àkọ́kọ́, ẹni kẹta kọ ọ́ láti borí ẹni kejì. Yọ gbogbo èyí tó ti pàdánù, fi ẹyọ tó borí sílẹ̀, kó o wá yọ !important kúrò lára ẹ̀, kó o wo àwòrán tó o yà. Tí nǹkan kan ò bá yí padà, tẹ̀ síwájú. Tó bá yí padà, ó ṣeé ṣe kí style kan wà nínú HTML fúnra ẹ̀, tàbí òfin míì tí selector ẹ̀ lágbára jù, tó ń bá a jà, lọ wá ìyẹn. Mẹ́wàá mẹ́wàá ni kó o máa ṣe, kó o máa commit (fi pamọ́ sínú git) lẹ́yìn mẹ́wàá kọ̀ọ̀kan.


Àjàlá_Leeds, Ọjọ́ Ajé, 9:51 alẹ́

Ẹ ṣeun ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ ti !important yẹn. Iṣẹ́ tí mo ti lò ó ò ní !important púpọ̀ nínú, mi ò sì rí i.


Ìyá_Kẹ́hìndé, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:18 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin ọmọ mi. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń sọ látàná, ojú lẹ fi ń wò ó. Àbúrò mi kan ò ríran, NVDA, ètò tó ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà sókè, ló fi ń lo kọ̀ǹpútà, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mo ti kọ́ pé pàǹtí inú mẹ́nù máa ń pariwo sétí ẹni tí ò rí i. Àbẹ̀ní ọmọ mi, ka li tó wà nínú ul (àkójọ) rẹ. Mo mọ̀ pé wàá bá li tó ṣófo níbẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe àlàfo. Tó bá jẹ́ mẹ́fà ni nǹkan tó wà níbẹ̀ tí li sì jẹ́ mẹ́sàn-án, ẹ̀rọ á sọ fún un pé nǹkan mẹ́sàn-án ló wà nínú àkójọ yìí, á máa wá mẹ́ta tó kù. Mo ti jókòó tì í níbi tó ti ń wá ohun tí kò sí. Margin ni ká fi ṣe àlàfo. Tí div bá sì wà láàárín ul àti li, yọ ọ́, ul ò gba ọmọ tí kì í ṣe li, àfi script àti template.

Wo tabindex náà, nọ́ńbà tó ń to bí bọ́tìnnì Tab ṣe ń rìn. Bí ẹnì kan bá ti kọ tabindex="5" sílẹ̀ látijọ́, Tab á máa fò káàkiri ojú ìwé. Yọ gbogbo èyí tó ju 0 lọ. Wàá tún rí role="menu" àti role="menuitem", àwọn kan rò pé mẹ́nù ni, ó yẹ kó jẹ́ menu. Rárá o. Role yẹn wà fún mẹ́nù bíi ti ètò orí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń fi bọ́tìnnì ọfà rìn nínú ẹ̀. Fún líǹkì lásán, nav àti ul ti tó. Èyí tó ń ṣí nǹkan bí Owó Yíyá, tí wọ́n bá kọ a tí href ẹ̀ jẹ́ javascript:void(0), sọ ọ́ di button, kó ní aria-expanded, èyí tó ń sọ fún ẹ̀rọ bóyá ó ṣí tàbí ó padé.


Àkàndé_Lẹ́tà, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:02 àárọ̀

Kò sẹ́ni tó tíì dá a lóhùn lórí OJA EGBE, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo kà á sí jù. Àbẹ̀ní, mo fẹ́ kó o wo nǹkan mẹ́ta pa pọ̀ lórí líǹkì mẹ́nù náà: text-transform: uppercase, height tí wọ́n fi nọ́ńbà dè, àti overflow: hidden. Mo gbà pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ mẹ́nù yẹn sí tẹ́lẹ̀. HOME, LOANS, LOGOUT, lẹ́tà ńlá Gẹ̀ẹ́sì ò ní nǹkan kan lókè, kò ní nǹkan kan nísàlẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ wá gé gíga ẹ̀ mọ́ lẹ́tà yẹn gẹ́lẹ́. Nígbà tẹ́ ẹ sọ ọ́ di Yorùbá, Ọ ní àmì nísàlẹ̀, À ní àmì lókè, Ẹ́ ní lókè ní nísàlẹ̀, overflow gé gbogbo ẹ̀ dànù. Àwọn àmì náà wà nínú fáìlì, wọ́n kàn ń gé e lójú ni. Yọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó o fi line-height tó tó 1.5 sí i.

Wo font-family náà. Tí wọ́n bá dárúkọ fọ́ǹtì kan níbẹ̀ láti 2015, dán an wò pẹ̀lú Ẹ̀ àti Ọ̀. Ẹ ní àyè tiẹ̀ nínú Unicode, àmọ́ Ẹ̀ tó ní àmì orí ò ní àyè kan ṣoṣo, Ẹ ni wọ́n máa kọ, kí wọ́n wá gbé àmì lé e lórí. Fọ́ǹtì tí ò mọ̀ ọ́n ṣe á gbé àmì náà sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kó lọ yá lẹ́tà lọ́wọ́ fọ́ǹtì míì, wàá rí i pé lẹ́tà kan sanra ju ìkejì lọ nínú ọ̀rọ̀ kan náà.

Ìdí kan náà ni git grep ṣe lè má rí Ẹgbẹ́ nígbà míì bó tilẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹnì kan lè ti tẹ lẹ́tà é kó tó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i, ẹlòmíì tẹ lẹ́tà ẹ kó tó fi àmì orí sí i, ojú rí i bákan náà, kọ̀ǹpútà ò rí i bákan náà. Yí gbogbo ẹ̀ sí NFC, ìlànà Unicode tó ń sọ gbogbo ọ̀nà tí wọ́n gbà tẹ lẹ́tà kan di ọ̀kan ṣoṣo. Paríparí ẹ̀, wo òkè pátápátá níbi html, mo mọ̀ pé lang="en" ṣì wà níbẹ̀. Tí ojú ìwé bá ti di Yorùbá, yo ló yẹ kó jẹ́.


ỌmọAlágbẹ̀dẹ, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:30 àárọ̀

Ẹ jẹ́ n sọ tèmi kó yé yín o. Mi ò tíì kúrò lórí ọ̀rọ̀ mi pé mẹ́nù tuntun dáa. Àmọ́ mo gbà pé ká ní ó pa á rẹ́ lánàá bí mo ṣe wí, kò ní rí líǹkì àkọsílẹ̀ owó yẹn láé, ìlẹ̀kùn ì bá ṣí sílẹ̀ síbẹ̀. Kó gbá a tán, kó mọ ohun tó wà níbẹ̀, kó tó wá kọ tuntun.


Àbẹ̀ní_Mókọ́lá, Ọjọ́bọ̀, 5:36 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti dé. HTML mẹ́nù ti di ìlà 48. Ìyá Kẹ́hìndé, ẹ ṣeun mà, li tó ṣófo jẹ́ mẹ́rin, tabindex wà lára gbogbo líǹkì láti 1 dé 11, mo ti yọ wọ́n. !important ti di 9, mi ò sì tíì rí ìdí tí 9 yẹn fi wà, mo fi wọ́n sílẹ̀ ná bí BàbáKóòdù ṣe wí. Bàbá Àkàndé, height: 15px ni wọ́n kọ síbẹ̀! Mo yọ ọ́ mo yọ uppercase, Ọjà Ẹgbẹ́ yọ jáde pẹ̀lú gbogbo àmì ẹ̀, mo ya àwòrán ẹ̀ ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́, ìyá àgbà náà ní "wọ́n ti wá kọ orúkọ wa dáadáa".

Nǹkan kan ló kù. Lórí fóònù ó dáa, lórí kọ̀ǹpútà ó dáa, àmọ́ lórí tábúlẹ́ẹ̀tì alága, nígbà tó bá gbé e dúró, mẹ́nù ń padé bíi ti fóònù ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ funfun lórí funfun, kò rí nǹkan kan kà. Kí ló fà á? Mo ti pa káàṣì rẹ́, kì í ṣe ìyẹn.


Ìdòwú_Frontend, Ọjọ́bọ̀, 5:49 ìrọ̀lẹ́

Ṣé navbar-expand-lg lẹ lò? Mo rò bẹ́ẹ̀. Láyé Bootstrap 3, 768px ni mẹ́nù ti máa ń ṣí gbalaja. navbar-expand-lg, ó di 992px kó tó ṣí. Ẹ wá @media max-width: 767px nínú custom.css, inú ẹ̀ ni wọ́n kọ àwọ̀ mẹ́nù fóònù sí. Láti 768 dé 991, mẹ́nù ti padé bíi ti fóònù, àwọ̀ ti fóònù ò sì tíì dé bá a, ibẹ̀ gan-an ni tábúlẹ́ẹ̀tì alága wà. Ẹ sọ 767 di 991.98px, iye tí Bootstrap fúnra ẹ̀ ń lò nìyẹn. Àbí kẹ́ ẹ lo navbar-expand-md tí nǹkan mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá gba orí ìlà kan ní 768, àmọ́ Owó Ìfipamọ́ gùn, ẹ wò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó yan ìyẹn.


Àbẹ̀ní_Mókọ́lá, Ọjọ́bọ̀, 6:20 ìrọ̀lẹ́

Òun ni! Ibi méjì ni 767 wà, mo yí méjèèjì. Mo dán navbar-expand-md wò, Jáde fò sí ìlà kejì, mo dá lg padà. Alága ti rí i kà.